Bí A Ṣe Ń Ṣọ́ Ìmìtìtì Ilẹ̀ Lágbègbè Adágún Dáàmù: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹ̀yin Ará Èkó

Omi ẹ̀rọ tí àwa ará Èkó ń retí, ọ̀nà jíjìn ló ti ń bọ̀. Dáàmù Ọ̀yán, tó wà lápá àríwá ìwọ̀-oòrùn Abẹ́òkúta, ló ń gbà á jọ. Ó ń tú u sínú odò Ògùn, odò ń gbé e bọ̀ títí dé Àkúté, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń fà á lọ sí ilé iṣẹ́ omi Ìjù. Odò yìí kan náà ló máa ń ya wọ ilé àwọn èèyàn wa ní Ìṣẹrì, Àgbòyí àti Ajégúnlẹ̀ ojú ọ̀nà Ìkòròdù nígbà tí omi tí wọ́n tú sílẹ̀ ní dáàmù bá pọ̀. Ẹni tó wà ní Ajégúnlẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2010 kò tíì gbàgbé. Nítorí náà, bí ilẹ̀ bá mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ dáàmù yẹn, ọ̀rọ̀ kan Yábàá àti Mile 12 bó ṣe kan Abẹ́òkúta.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì àti jìọ́lọ́jì, ẹ̀yin olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, ẹ̀yin ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò tí ilé yín wà létí odò, ẹ̀yin ni mo kọ èyí fún. Èèyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún tó bá fọkàn sí i lè ṣe é. Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú ṣinṣin kí a tó lọ síwájú: ìwé tí ẹ ń kọ ìmìtìtì ilẹ̀ sí kò wúlò fún nǹkan kan bí kò bá sí ìwé tí ẹ ń kọ gíga omi adágún sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ń sáré ra ẹ̀rọ, wọ́n sì gbàgbé omi. Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ mú.

Ohun tí omi ń ṣe sí ilẹ̀

Ọ̀nà méjì ni adágún ńlá fi ń da ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ láàmú. Àkọ́kọ́ ni ìwúwo. Kúbíìkì mítà omi kan wúwo tó tọ́ọ̀nù kan. Adágún Ọ̀yán lè gba kúbíìkì mítà mílíọ̀nù 270, ti Kainji sì tó bílíọ̀nù 15. Ìkejì ló le jù. Omi a máa rọra wọ inú ojú ibi tí àpáta ti là, á sì máa ti àpáta méjì tó ti fún mọ́ra wọn tipẹ́ láti inú, bí ìgbà tí èèyàn da òróró sáàárín pákó méjì, títí ọ̀kan á fi yọ̀ lórí ìkejì. Ìgbà tó bá yọ̀ yẹn ni ilẹ̀ máa mì. Dáàmù kọ́ ló dá agbára yẹn sílẹ̀. Agbára náà ti wà nínú àpáta tẹ́lẹ̀. Omi ló ṣílẹ̀kùn fún un.

Ìwúwo ń ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Omi tó ń wọlẹ̀ lè gba oṣù, ó lè gba ọdún. Ní Kariba, láàárín Zambia àti Zimbabwe, omi bẹ̀rẹ̀ sí í kún ní 1958, oṣù kẹsàn-án 1963 ni ìmìtìtì ilẹ̀ tí ìwọ̀n agbára rẹ̀ ju 6 lọ wáyé níbẹ̀. Ní Koyna, ní Íńdíà, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 6.3 ní oṣù Kejìlá 1967. Àwọn tó kú súnmọ́ 200. Ní Aswan, ní Íjíbítì, omi ti ń gòkè láti 1964, ọdún 1981 ni ilẹ̀ tó mì lọ́nà tó ju 5 lọ. Èyí tó wà ní Oroville, ní California, ní oṣù kẹjọ 1975, ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n fa omi adágún náà sílẹ̀ gan-an tí wọ́n sì tún jẹ́ kó kún ló ṣẹlẹ̀. Ẹ wò ó bí àlàfo àárín omi àti ìmìtìtì ṣe yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn. Ẹni tí kò bá ní ìwé gíga omi láti ọdún márùn-ún sẹ́yìn, báwo ló ṣe máa mọ èyí tí omi fà?

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ọkàn sókè. Dáàmù Koyna ga ní mítà 103, Kariba ga ní 128. Ọ̀yán kò ju mítà 30 àti díẹ̀ lọ, ewu tirẹ̀ sì kéré sí tiwọn púpọ̀. Shiroro, tó ga ju mítà 100 lọ, ló yẹ kí ọkàn ẹni tó ń gbé ní Niger State wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n agbègbè tiwa náà kì í ṣe ibi tí ilẹ̀ kì í mì rárá. Ìjẹ̀bú-Òde mì ní 1984, Ìbàdàn mì ní oṣù kẹta 2000, èyí tó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Benin ní oṣù kẹsàn-án 2009 sì dé Abẹ́òkúta.

Ẹ jẹ́ ká lo ti Ìjẹ̀bú-Òde fi kọ́gbọ́n. Oṣù kẹta 1983 ni wọ́n ṣí Dáàmù Ọ̀yán. Oṣù keje 1984 ni ilẹ̀ mì ní Ìjẹ̀bú. Ẹni tó bá fi ojú lásán wò ó á ní dáàmù ló fà á, kò kúkú tó ọdún méjì. Àmọ́ láti adágún náà dé Ìjẹ̀bú-Òde ju kìlómítà 80 lọ, bẹ́ẹ̀ ìmìtìtì tí adágún ń fà sábà máa ń wà lábẹ́ adágún fúnra rẹ̀ tàbí nítòsí rẹ̀, kì í sì í jìn nílẹ̀. Pé nǹkan méjì tẹ̀ léra kò túmọ̀ sí pé ọ̀kan ló bí èkejì. Iṣẹ́ tí a fẹ́ kọ́ yìí, òun ló ń fi ìyàtọ̀ hàn.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ lórí tábìlì, ní Èkó

Ẹ ṣí Google Earth, ẹ tẹ 7.26, 3.26 sí i, ẹ ó rí dáàmù náà. Ẹ fa òbírípo méjì yí adágún ká, ọ̀kan ní kìlómítà 10, èkejì ní kìlómítà 30. Gbogbo ìmìtìtì tó bá bọ́ sínú èyí tó kéré, ẹ fura sí i. Èyí tó bá bọ́ sáàárín méjèèjì, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tó wà lóde, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ṣùgbọ́n ẹ má fi ka ti adágún. Lórí àwòrán yìí kan náà, ẹ fi àmì sí abúlé, ọ̀nà ọkọ̀ ńlá, àti gbogbo kúárì tí ẹ bá rí. Ẹ má fo kúárì kankan. Ẹ ó mọ ìdí rẹ̀ níwájú. Ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí jìọ́lọ́jì, ìyẹn Nigerian Geological Survey Agency, ní máàpù tó fi ibi tí àpáta ti là hàn.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí ìkànnì USGS, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí jìọ́lọ́jì, níbi tí wọ́n ti ń wá ìmìtìtì ilẹ̀. Ẹ fi 7.26 àti 3.26 yẹn sí àárín, ẹ fi 100 sí ibi kìlómítà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 1960, kí ẹ sì gbà á sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi CSV, fáìlì tábìlì tí Excel lè ṣí. Ohun tó máa jáde kò ní pọ̀. Kì í ṣe pé ilẹ̀ dákẹ́: àwọn ẹ̀rọ tó wà lọ́nà jíjìn kò lè gbọ́ èyí tó kéré ju bíi 4 lọ dáadáa. Nàìjíríà ní ibùdó tirẹ̀ tí ilé iṣẹ́ Centre for Geodesy and Geodynamics ní Toro, ìpínlẹ̀ Bauchi, ń bójú tó, ọ̀kan wà ní Ilé-Ifẹ̀. Ẹ kọ lẹ́tà sí wọn lórúkọ ẹgbẹ́ tàbí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yín, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ àti ìdí tí ẹ fi fẹ́ ẹ.

Ìwé omi

Ogun-Osun River Basin Development Authority ló ń ṣe àbójútó Ọ̀yán, wọ́n sì ń ka gíga omi. Ẹ béèrè fún àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́, bí ó ti lè lọ sẹ́yìn tó, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n ṣí géètì àti ọjọ́ tí wọ́n tì í. Ẹ jẹ́ kí lẹ́tà yín kúrú, kó sì jẹ́ ti ọmọlúàbí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni èèyàn á tún padà lọ kí ìdáhùn tó wá; kí ó má sú yín.

Ní gbogbo ìgbà tí ẹ ń dúró, ẹ wá ẹnì kan ní abúlé tó wà létí adágún tó lè máa ka igi ìwọ̀n omi (igi tó dúró nínú omi, tí wọ́n kọ nọ́ńbà gíga sí lára) lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, ní agogo kan náà, ẹ jẹ́ ká sọ pé aago méje àárọ̀. Kí ó ya fọ́tò igi náà, kí ó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Fọ́tò dára ju nọ́ńbà tí a kọ lọ, nítorí ẹ lè padà yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ máa fún un ní owó dátà, ẹ má jẹ́ kó bẹ̀ yín kó tó rí i gbà. Ẹ sì kìlọ̀ fún un, ẹ kìlọ̀ fún ara yín náà: kí ẹnikẹ́ni má wọ inú omi láti ka ìwọ̀n. Àtọ̀sí ajá wọ́pọ̀ ní àwọn abúlé etí Ọ̀yán, inú omi yẹn ni kòkòrò rẹ̀ ti ń wọ ara èèyàn. Òkè ni kí ẹ dúró sí.

Bí gbogbo rẹ̀ bá kùnà, àwòrán sátẹ́láìtì Sentinel-2 wà lọ́fẹ̀ẹ́, ó ń kọjá ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún. Ẹ wọn bí ojú omi ṣe fẹ̀ tó. Nígbà òjò, ìkùukùu á bò ó; ẹ lo Sentinel-1 nígbà náà, rédà ni, kò ka ìkùukùu sí.

Ibi tí ẹ̀rọ máa wà

Ẹ̀rọ tó ń gbọ́ mímì ilẹ̀, seismometer, kò wọ́n bíi ti àtijọ́ mọ́. Oríṣi kékeré bíi Raspberry Shake, tó fi kọ̀ǹpútà kékeré ṣe ọpọlọ, tó fún iṣẹ́ yìí. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má gbé e sí ilé rẹ̀ ní Èkó kó ní òun ń ṣọ́ Ọ̀yán. Mo ti jókòó ti ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní Yábàá. Ohun tí ẹ ó rí lójú kọ̀ǹpútà ni pé láti aago márùn-ún ìdájí, ìlà á bẹ̀rẹ̀ sí í nípọn bí ọkọ̀ ṣe ń jáde. Bí iná bá lọ, tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá bú, ó di ìlà dúdú kan gbọọrọ tí kò ní àlàfo. Lábẹ́ gbogbo ìyẹn, ìgbì òkun wa ń tì í lọ tì í bọ̀ láìsinmi. Yẹpẹ̀ àti ẹrẹ̀ ni Èkó jókòó lé, ó sì ń gbé ariwo kiri. Ìmìtìtì kékeré tó ṣẹlẹ̀ ní kìlómítà 80 á rì sínú rẹ̀ pátápátá. Èkó dára fún iyàrá tí a ti ń ka dátà. Etí wa gbọ́dọ̀ wà lórí àpáta.

Agbègbè Abẹ́òkúta kò ṣaláìní àpáta. Ẹ wá ibi tí àpáta gidi ti yọ sókè, kì í ṣe òkúta ńlá tó kàn jókòó sórí ilẹ̀. Kí ó jìnnà sí ọ̀nà ọkọ̀, sí igi ńlá àti òpó máàsì tí atẹ́gùn ń mì, kí ó sì jìnnà sí ibi tí omi ti ń ya jáde ní dáàmù. Lórí odi dáàmù fúnra rẹ̀, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ wọn ló ni ìyẹn. Ẹ gbẹ́ ihò tó jìn dé orúnkún, ẹ da sìmẹ́ǹtì tẹ́ẹ́rẹ́ lé àpáta, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, kí ẹ tó gbé ẹ̀rọ lé e. Ẹ fi kọ́ńpáàsì dojú ẹ̀rọ kọ àríwá, ẹ wọn ọ́n kó dúró gúnregé, ẹ bò ó kí òjò àti èèrà má wọ̀ ọ́. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ baálẹ̀ àti onílẹ̀ kí ẹ tó gbẹ́ nǹkan kan. Ẹ ṣàlàyé fún gbogbo ará abúlé ohun tó wà nínú ihò yẹn, nítorí ẹ̀rọ tí àwọn èèyàn bá mọ ìdí rẹ̀, àwọn fúnra wọn ló máa ṣọ́ ọ.

Mẹ́ta ni ó kéré jù, mẹ́rin ló tọ́, kí wọ́n yí adágún ká, kí wọ́n má tò sí ìlà kan. Sólà àti bátìrì ni kí ó máa lò. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé iná ìjọba. Aago ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ bá ti GPS mu, nítorí ìṣẹ́jú àáyá kan tó yẹ̀ á gbé ìmìtìtì kúrò ní àyè rẹ̀ ní kìlómítà mélòó kan.

Kíkà á lójoojúmọ́

Ẹ pín ọjọ́ láàárín ara yín. Ẹni tó bá kàn á ṣí àkọsílẹ̀ wákàtí 24 tó kọjá nínú SWARM tàbí ObsPy, ètò kọ̀ǹpútà ni wọ́n, méjèèjì jẹ́ ọ̀fẹ́, á sì wá ohun tó dédé fò sókè ní ibùdó tó ju ọ̀kan lọ. Èyí tó bá hàn ní ibùdó kan ṣoṣo, màlúù ni tàbí ẹsẹ̀ èèyàn.

Ìmìtìtì gidi máa ń ní ìgbì méjì. P ló ń kọ́kọ́ dé, ó kéré, ó sì mú. S tẹ̀ lé e, ó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá tó wà láàárín wọn, ẹ fi 8.4 sọ ọ́ di púpọ̀. Iye tó bá jáde ni kìlómítà tó wà láàárín ibùdó yín àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Nọ́ńbà yẹn wá láti inú pé nínú àpáta líle irú tiwa, P ń sáré bíi kìlómítà 6 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, S ń sáré bíi 3.5. Ká ní ibùdó kìíní fún yín ní 1.8, ó di kìlómítà 15. Ìkejì fún yín ní 1.1, ó di bíi 9. Ìkẹta fún yín ní 2.5, ó di 21. Ẹ fa òbírípo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí máàpù. Ibi tí wọ́n ti pàdé ni ẹ ń wá. Bí wọn kò bá pàdé dáadáa, ẹ tún S kà. S ló sábà máa ń tan èèyàn.

Ẹ ṣọ́ra fún kúárì

Ibí ni ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ ti ń bàjẹ́. Àwọn tó ń fọ́ òkúta pọ̀ yí Abẹ́òkúta ká, Ewékorò pẹ̀lú òkúta sìmẹ́ǹtì rẹ̀ sì wà níwọ̀n kìlómítà 40 sí dáàmù. Bí wọ́n bá fi ohun ìbúgbàù fọ́ òkúta, ilẹ̀ á mì, ẹ̀rọ yín á sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni pé ìmìtìtì ni. Bí ẹ bá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ láìyẹ̀ ẹ́ wò, ẹ ó kéde fún Èkó pé ilẹ̀ ń mì lójoojúmọ́ ní Ọ̀yán. Irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ á gba gbogbo WhatsApp kó tó di alẹ́.

Ẹ wo aago. Ọ̀sán ni wọ́n ń fọ́ òkúta, kì í ṣe òru, kì í sábà jẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ìmìtìtì ilẹ̀ kò mọ àìkú, kò mọ òru. Bí ẹ bá ka gbogbo ohun tí ẹ kọ ní oṣù mẹ́ta sí wákàtí tí ó ṣẹlẹ̀, tí wọ́n sì kóra jọ sáàárín aago mọ́kànlá àárọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kúárì ni ẹ ń ṣọ́. Ẹ tún wo ibi tí P kọ́kọ́ kọrí sí. Ohun ìbúgbàù ń ti ilẹ̀ síta níbi gbogbo, nítorí náà, ní gbogbo ibùdó, òkè ni ìlà máa kọ́kọ́ lọ. Àpáta tó yọ̀ lórí ara rẹ̀ ń ti apá kan, ó ń fa apá kejì. Ibùdó kan á lọ sókè, òmíràn á lọ sílẹ̀. S kúárì kì í sì í lágbára. Èyí tó dára jù ni pé kí ẹ lọ bá máníjà kúárì náà, kí ẹ bẹ̀ ẹ́ fún ọjọ́ àti aago tí wọ́n ń fọ́. Bí ẹ bá bá wọn sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ọ̀pọ̀ wọn kì í kọ̀.

Kí omi àti ilẹ̀ wà lójú ìwé kan

Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ ya gíráàfù kan: gíga omi ní òkè, iye ìmìtìtì tó bọ́ sínú òbírípo kìlómítà 10 ní ìsàlẹ̀, ọjọ́ kan náà fún méjèèjì. Ọ̀yán ti kún láti 1983, kò sí bí ẹ ṣe lè mọ bí ilẹ̀ rẹ̀ ṣe rí kí omi tó dé. Àwọn tó ń kọ́ dáàmù tuntun ló ní àǹfààní yẹn, ó sì yẹ kí ẹ̀rọ wọn ti wà nílẹ̀ ní ọdún kan tàbí méjì kí wọ́n tó dí odò. Tiwa ni pé kí a fi ẹ̀ẹ̀rùn wé òjò, ọdún mẹ́ta ó kéré tán. Omi á lọ sílẹ̀ títí di bí oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, á sì ga títí di oṣù kẹsàn-án, ìkẹwàá. Bí ìmìtìtì bá ń pọ̀ ní ìgbà kan náà lọ́dọọdún lẹ́yìn tí omi bá ga, ìwé méjèèjì ti ń bára wọn sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Ẹ má wo gíga nìkan; bó ṣe ń yára ga ṣe pàtàkì. Ní Koyna, àwọn onímọ̀ ṣàkíyèsí pé ìgbà tí omi bá ga tó mítà 12 láàárín ọ̀sẹ̀ kan ni àwọn ìmìtìtì tó ju 5 máa ń wáyé. Ẹ wo bí adágún ṣe pẹ́ tó lókè náà, kí ẹ sì wo bóyá àwọn ìmìtìtì kéékèèké ń kóra jọ sí ojú kan lára àpáta.

Bí ilẹ̀ bá mì tí èèyàn mọ̀ ọ́n

Ẹ kọ́kọ́ kọ aago, kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ pe àwọn tó wà ní abúlé, ẹ béèrè ìbéèrè kan náà lọ́wọ́ gbogbo wọn: ibo lẹ wà, ṣé ẹ jókòó ni àbí ẹ dúró, ṣé ìkòkò àti abọ́ dún, ṣé ògiri là, ṣé ẹ gbọ́ ìró? Ẹ má fi ìdáhùn sí wọn lẹ́nu.

Lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ fi àkọsílẹ̀ yín ránṣẹ́ sí àwọn tó ń bójú tó dáàmù àti sí Toro. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ló máa yẹ odi wò bóyá ó là, bóyá omi tó ń sun jáde lẹ́yìn rẹ̀ pọ̀ sí i tàbí ó ń mú ẹrẹ̀ jáde. Bí ẹ bá rí omi ẹlẹ́rẹ̀ bẹ́ẹ̀ fúnra yín, ẹ má dúró de lẹ́tà: ẹ pè wọ́n lójú ẹsẹ̀. Ní Èkó, 112 tàbí 767 ni nọ́ńbà pàjáwìrì. Ẹ jẹ́ kí àwọn ará Ìṣẹrì àti Ajégúnlẹ̀ ní in lórí fóònù wọn ṣáájú.

Kò sí ẹni tó lè sọ ọjọ́ tí ilẹ̀ máa mì, ẹ̀yin náà ẹ má ṣe sọ ọ́. Ohun tí ẹ bá kéde kò gbọ́dọ̀ ju ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ: ibi tó ti ṣẹlẹ̀, aago rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀, gíga omi lọ́jọ́ náà, àti bóyá ẹ ti yẹ ti kúárì wò.

Ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, ẹ da fáìlì gbogbo ibùdó àti fọ́tò igi omi sínú háàdì dìráìfù méjì, kí ọ̀kan wà ní Èkó, kí èkejì wà ní Abẹ́òkúta. Ẹ kọ ọdún, oṣù, ọjọ́ àti orúkọ ibùdó sára fáìlì kọ̀ọ̀kan, ní bátànì kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹni tó bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín lè ṣí i láìpe ẹnikẹ́ni.